Àwọn Òṣìṣẹ́ Tó Ń Sùn

Èmi Làmídì, tó ń fọ ìgò
ní yàrá ìwádìí kejì lápá òsì àtẹ̀gùn, ní Yunifásítì Ìbàdàn,
ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbọ́ ohùn kan ṣoṣo láàárọ̀:
"Làmídì, yìnyín ńkọ́?"
Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́tọ́lá. Obìnrin kúkúrú, bàtà pẹlẹbẹ.
Ó dìgbà tó bá rí yìnyín kó tó kí ni.

Ẹ́ńsáìmù ló ń wá nínú ẹ̀gẹ́.
Mo ní, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?
Ó ní: "Ṣé o mọ alárinà?
Ó mú ọmọge, ó mú ọmọkùnrin, ó fojú wọn kanra;
bí wọ́n bá ti mojú ara wọn tán, a yẹ̀bá.
Nǹkan kan ò dín lára rẹ̀.
Ó ti ń kan ilẹ̀kùn ilé kejì.
Ṣùgbọ́n bí ooru bá mú alárinà tèmi jù, ó kú nìyẹn,
bí ẹyin sísè tí kò lè ṣàn mọ́.
Bí òtútù bá mú un, ó sùn.
Kó sùn la fẹ́. Yìnyín ńkọ́?"

Ó tẹ̀lé mi dé Mọ́níyà ní Sátidé kan,
ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tí ìyá mi rẹ ẹ̀gẹ́ sí.
Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, tí kì í ṣe méjì?
Ìyá mi wò ó títí.
"Lọ́jọ́ kejì, ó ṣì ń bínú. Imú mi ló ń sọ fún mi."
Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: *ó ṣì ń bínú.*
Oṣù mẹ́jọ la fi wá ẹni tó ń tú ìbínú yẹn sílẹ̀,
ẹni kékeré tó ń gbé yàrá tirẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́,
tí ìbínú ń gbé tirẹ̀,
ògiri láàárín wọn
títí ọ̀bẹ fi dé.

Lóṣù kẹsàn-án, tiransifọ́mà bú gbàù.
Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Omi ń kán tó, tó, lára firísà.
Ó kó ike mẹ́rìnlá sínú kúlà, ó gbé kúlà lé itan,
a wọ Míkírà lọ sí Bódìjà, sílé yìnyín Ìyá Kúdírátù ẹlẹ́ja.
"Kí ló wà nínú ike? Ṣé oògùn ni?"
"Òṣìṣẹ́ ni wọ́n," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Wọ́n ń sùn."
Ẹlẹ́ja ò rẹ́rìn-ín. Ó ti kòtẹ̀ sápá kan, ó ti títù sápá kejì.
Ó ní, "Kí wọ́n má ṣáà jí ẹja mi o."
Títí dòní n ò mọ èwo nínú jí méjèèjì ló ní lọ́kàn.

Ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tá a jí wọn,
mẹ́sàn-án dìde síṣẹ́. Márùn-ún ò dìde.
Nígbà tí ìwé náà jáde lókè òkun,
lẹ́sẹ̀ ìwé, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fówó sílẹ̀,
orúkọ mẹ́ta péré ló kọ: ti ìyá mi, ti ẹlẹ́ja, tèmi.
Wọ́n ṣi tèmi kọ.

Lánàá ló pé àádọ́rin ọdún.
Wọ́n fún un ní aago ògiri kan, wọ́n ní ó dìgbà.
Àwọn tó kọ́ wà ní Kánádà, wọ́n wà ní Jámánì;
ẹni méjì ló pè.
Mo wo ara rẹ̀ bóyá nǹkan kan dín.
Ó dín. Orúnkún ọ̀tún. Irun. Ọkọ.
Ẹ má sọ fún mi mọ́ pé alárinà kì í dín.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣílẹ̀kùn yàrá.
Kò sẹ́ni tó bèèrè.
Mo gbé yìnyín kalẹ̀.